Ọmọ Wa Kò Rí Ìlú Rẹ̀ Nínú Máàpù

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí ọdún yìí, a kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni a óò kọ, nítorí òun ni ó wà lọ́kàn àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí irun wa ti ń funfun. Ṣùgbọ́n ìyá àwọn ọmọ wa ní rárá o, kí a kọ nípa máàpù tí ó wà lára ògiri pálọ̀ wa, nítorí kò sí àlejò tí ó wọlé tí kì í béèrè ohun tí ó wà fún. Ọ̀rọ̀ máàpù náà rèé.

Ọdún 2021 ni ó bẹ̀rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà wọn ní kí wọ́n ya máàpù Ìpínlẹ̀ Niger, kí oníkálukú fi àmì sí ìlú rẹ̀, kí ó sì kọ ohun mẹ́ta tí ènìyàn lè rí níbẹ̀. Ọmọ yìí ya máàpù náà, ó gún régé, ó sì kùn ún dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sí i, kò sì kọ nǹkan kan. Wọ́n fún un ní òdo.

Nígbà tí a rí ìwé náà, inú bí wa. A bi í bóyá kò mọ ibi tí Minna wà ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. A ní, kí ló wá dé tí kò fi àmì sí i? Ọmọ náà wò wá, ó ní: "Dádì, tíṣà ní ká fi àmì sí ìlú wa. Ẹ̀yin àti Mọ́mì lẹ máa ń sọ pé ibí kọ́ ni ìlú wa. Mo wá Ògbómọ̀ṣọ́ títí, mi ò rí i nínú máàpù yẹn."

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, a kò rí èsì fọ̀. Ta ni nínú wa tí kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí? Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, a ó ní ọjọ́ kan ni a óò kúkú lọ sílé. Bí wọ́n bá ní a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, a ó ní kò burú, a ní ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: òwe tí a fi ń tu ara wa nínú nìyẹn. A kò rántí pé ọmọ tí a bí sí ẹnu àjò ń gbọ́ ọ pẹ̀lú wa, àti pé kò mọ ilé mìíràn tí yóò rè.

Nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọmọ náà dé ibẹ̀ rí. Ìsìnkú ni ẹ̀ẹ̀mejì, ìgbéyàwó ni ẹ̀ẹ̀kan. Òru ni a máa ń wọ̀lú, oorun a sì ti gbé e lọ nínú ọkọ̀. Kò lè sọ ìlú tí ó ṣáájú Ìlọrin tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà kì í ṣe pé ó mọ ilé tí kò mọ àjò. Kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni a kọ́. Òun ni a fi gba díplómà ní póli, òun ni a sì fi ń jẹun. Ọdún 1992 ni àbúrò bàbá wa tí ó ń bá rélùwéè ṣiṣẹ́ níbí ránṣẹ́ pè wá, nígbà tí a ti wá iṣẹ́ ní Ìbàdàn títí tí a kò rí. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbà wá lọ́dún náà. A ní ọdún méjì ni a óò lò. Ní 2027 a óò pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, òfin yóò sì ní kí a máa lọ sinmi. Ọmọ mẹ́rin ni a bí sí ìlú yìí. A ti wọn ilẹ̀ fún ìjọba káàkiri, àwọn ọmọ wa kò sì mọ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò dá tíṣà lẹ́bi. Jọ́gíráfì kò dá dúró ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀; inú Social Studies ni wọ́n pò ó mọ́, ọmọ á há orúkọ àwọn olú ìlú sórí, ó tán. Àwa àti ìyá wọn fi ohùn ṣọ̀kan pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún, àwa fúnra wa ni a óò máa kọ́ wọn. Àwọn méjì tí ó kéré ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ọmọbìnrin yìí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò ju àgbàlá wa lọ. A ní kí wọ́n ka ìgbésẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, láti kànga dé ìdí igi máńgòrò, kí wọ́n fi ìlà kan nínú ìwé dúró fún ìgbésẹ̀ 10. Oòrùn a máa yọ lẹ́yìn ilé aládùúgbò wa ìyá oníkókó, nítorí náà ibẹ̀ ni ìlà-oòrùn. Láàárín oṣù méjì, àgbàlá ti di àdúgbò, àdúgbò ti di ìlú. Ọmọkùnrin wa bi wá níbo ni omi ẹ̀rọ ti ń wá. A sọ fún un nípa dáàmù Tagwai àti ilé iṣẹ́ omi tí ó wà ní Chanchaga. Ó ní, "Ṣé Chanchaga tí a máa ń kọjá yẹn náà ni?" Ọmọ ti ń mu omi náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Lẹ́yìn èyí ni a mú wọn lọ sí ọjà. Ìyá wọn ni tíṣà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí ó fún wọn ni pé kí wọ́n kí àwọn ìyá ọlọ́jà dáadáa, kí wọ́n sì béèrè ibi tí ọjà wọn ti wá. Iṣu wá láti apá Paiko, ní ilẹ̀ àwọn Gwari. Ìrẹsì wá láti àfonífojì Bídà, níbi tí àwọn Tápà ti ń gbin ín láti ayébáyé. Ní Badeggi nítòsí Bídà náà ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí oúnjẹ oníhóró wà. Ẹja gbígbẹ wá láti Kainji àti Shiroro. Epo pupa àti obì wá láti gúúsù, nínú ọkọ̀ àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí a délé, a gbé páálí kan sílẹ̀, a fi ìlà bírò aláwọ̀ ewé ya ohun tí ó ń wọ Minna, a fi ti pupa ya ohun tí ó ń jáde.

Orí òrí ni ẹ̀kọ́ náà ti wá jinlẹ̀. Igi ẹ̀mí kún inú igbó Ìpínlẹ̀ Niger. Obìnrin ni ó ń ṣa èso rẹ̀, obìnrin ni ó ń gún un, tí ó ń sè é. Àwọn oníṣòwò a máa ra èso náà ní tútù kó lọ sókè òkun, òróró ìpara olówó gọbọi ni ó sì fi ń padà wá bá wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dá kíkó èso ẹ̀mí tútù jáde dúró fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe é nílé. Ọmọbìnrin wa gbọ́ ọ nínú rédíò, ó sáré mú páálí wá, ó ní ìlà pupa ti òrí ń fẹ́ àtúnṣe. Bí ọmọ bá ti lè rí ìròyìn nínú rédíò kí ó mọ ibi tí yóò fi í sí lórí ilẹ̀, a jẹ́ pé ó ti ń gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń gbọ́ nínú rédíò náà: ìdàgbàsókè. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ wa jẹ́ ìpínlẹ̀ tí ó ń dàgbà. Ọmọ bi wá pé ṣé ó ń ga sí i ni? A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a rí i pé àlàyé yẹ kí ó wà. A mú páálí, a fi ìwọ̀n kan náà ya Ìpínlẹ̀ Niger, a sì ya Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, a fi àlùmọ́gàjí gé wọn. A ní kí wọ́n to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé orí Niger. Àwọn ọmọ tò ó títí, Niger fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn tán! Ilẹ̀ rẹ̀ ju ìwọ̀n kìlómítà 76,000 níbùú lóròó lọ, kò sì sí ìpínlẹ̀ tí ó tóbi tó o ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn 2006, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù 4, nígbà tí ti Èkó tí ó jẹ́ pépà kékeré bí èékánná ju mílíọ̀nù 9 lọ.

A wá bi wọ́n: bí ẹ̀yin bá ni gómìnà, ọ̀nà mélòó ni ẹ óò ṣe kí ó tó kan gbogbo abúlé? Wáyà iná mélòó? Ilé ìwé mélòó, nígbà tí abúlé kan àti èkejì jìnnà síra wọn báyìí? Ọmọkùnrin wa ní, "Dádì, owó ò ní tó." A ní ohun tí wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ tí ó ń dàgbà nìyẹn: ilẹ̀ wà, omi wà, oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ kò tíì tó. Ọjọ́ yẹn ni a dẹ́kun bíbú ìlú yìí níwájú wọn bí ọkọ̀ wa bá kó sí kòtò.

Àmọ́ ṣá o, wọn kò jẹ́ kí a sinmi lórí ọ̀rọ̀ iná. Ìpínlẹ̀ Iná ni wọ́n ń pe ibi tí a ń gbé. Kainji wà lórí Odò Ọya, wọ́n ṣí i ní 1969, agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Jẹ́bà tí ó wà lẹ́nu ààlà àwa àti Kwara jẹ́ 578. Shiroro tí ó wà lórí odò Kaduna jẹ́ 600, Zungeru tí ó wà lórí odò kan náà, tí ó sì dé kẹ́yìn, jẹ́ 700. Àwọn ọmọ ro ó pọ̀, wọ́n ní 2,638. Bí wọ́n ṣe parí ìṣirò náà ni iná lọ. Ọmọbìnrin wa ní, "Kí ló wá dé tí a fi ń tan àbẹ́là?"

A ṣàlàyé pé iná tí dáàmù bá ṣe kì í dúró níbi tí wọ́n ti ṣe é. Wáyà ńlá ni ó ń gbé e lọ sínú àpapọ̀ iná gbogbo Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in. Ọ̀pọ̀ abúlé ni òpó ńlá náà gba orí wọn kọjá tí wọn kò sì ní gílóòbù kan. Bákan náà, iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kì í ṣe iye tí ó ń yọ lójoojúmọ́, nítorí omi a máa fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ a sì máa bàjẹ́. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwa náà, kò tẹ́ wa lọ́rùn.

Ìtàn Kainji ni ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń ta wá lára. Nígbà tí wọ́n sé Odò Ọya, adágún tí ó hù níbẹ̀ gùn tó kìlómítà 136. Ìlú Bussa àtijọ́, níbi tí Mungo Park ará Scotland kú sí nínú omi ní 1806, wà lábẹ́ adágún náà dòní. Àwọn tí ó ṣí kúrò lé ní 40,000. Wọ́n kọ́ New Bussa àti ọ̀pọ̀ abúlé tuntun fún wọn. Ọmọkùnrin wa ronú díẹ̀, ó ní: "Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí New Bussa ńkọ́? Bí tíṣà bá ní kí wọ́n fi àmì sí ìlú wọn, ṣé inú omi ni wọ́n máa fi í sí?" Àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn kí a tó lanu: "Ibi tí wọ́n ń gbé ni." Ìyá wọn wò wá, àwa náà wò ó.

Ẹ má rò pé a gbàgbé Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò ni a fi kọ́ wọn ní tibẹ̀. A gbé agolo kan tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí àárín àgbàlá. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á fi rúlà wọn omi inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á fi fóònù pe ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti béèrè bí òjò tibẹ̀ ṣe rọ̀ sí. Kí ẹ mọ̀ pé ṣáájú ìgbà yìí, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà" ni gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wa lè bá ìyá àgbà sọ, wọ́n á sì ti fóònù padà sí wa lọ́wọ́. Haúsá wọn já gaara ju Yorùbá wọn lọ.

Ìyá àgbà kò ní rúlà, kò sì ní agolo. Korobá ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Á ní, "Òjò ọjọ́bọ̀ yẹn dé ìdajì korobá mi!" Á bi wọ́n pé ṣé ọ̀wààrà ni tàbí òjò wẹliwẹli, ṣé ó fi ìjì ṣáájú, ṣé kùrukùru bo ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi ọdún 10 kọ́ wọn, ìyá àgbà fi òjò kọ́ wọn ní ọdún kan. Wọ́n rí i fúnra wọn pé àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ṣáájú tiwa, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dá lọ́hùn-ún. Wọ́n rí i pé nígbà tí òjò bá ń sinmi díẹ̀ lọ́hùn-ún nínú oṣù kẹjọ, ìgbà náà ni tiwa ń le. Ọyẹ́ ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń kọ́kọ́ yà. Ní ọdún 2023, nígbà tí a lọ sílé, ìyá àgbà ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé òjò wá kí òun rí i. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan títí ó fi tán.

Lọ́nà ọjọ́ náà, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ọkọ̀. Ìdájí ni a gbéra, ọ̀sán ni a rìn. Ìwé wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n kọ Bídà. Wọ́n kọ Wuya níbi tí a ti gba orí odò Kaduna kọjá, odò kan náà tí wọ́n sé ní Shiroro. Wọ́n kọ Mokwa níbi tí a ti ra iṣu, tí a sì jẹun. Wọ́n kọ Jẹ́bà, Bode Saadu àti Ìlọrin. Ní Jẹ́bà a sọ̀ kalẹ̀, a fi Odò Ọya hàn wọ́n. A ní láti ilẹ̀ Guinea ni ó ti ń bọ̀, ó gba Mali àti orílẹ̀-èdè Niger kọjá kí ó tó kàn wá, yóò sì bá odò Benue pàdé ní Lọ́kọ́ja kí ó tó wọ òkun, ìrìn rẹ̀ sì tó kìlómítà 4,180. A ní, ìhà ibi tí a ti ń bọ̀ yìí ni àwọn baba wa ń pè ní Òkè Ọya. Ọmọbìnrin wa yí ojú padà wo ẹ̀yìn, ó ní, "Àṣé ọmọ Òkè Ọya ni mí." Bí a bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ rí, a óò ti bá a wí. Lọ́jọ́ náà a kò bá a wí.

A tún fi ojú irin tí ó gba Jẹ́bà kọjá hàn wọ́n. Láàárín 1907 sí 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ojú irin láti Baro lọ sí Kano, ó gba Minna. Èyí tí ó ti Èkó bọ̀, tí ó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà àti Ìlọrin, wá pàdé rẹ̀ ní Minna. Ojú irin náà ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa tọ̀ wá, àwọn kan fún iṣẹ́, àwọn kan fún òwò. Òun náà ni ó gbé àbúrò bàbá wa dé ibí. Nítorí náà kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ó gbé àwọn ọmọ wa dé Minna. Ọ̀nà kan wà, ó ní ọdún, ó ní ìdí, a sì lè fi ìka tọ́ ọ lórí máàpù.

Ìbànújẹ́ náà wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2025, omíyalé ńlá ṣẹlẹ̀ ní Mokwa lẹ́yìn òjò alágbára. Àwọn tí ó kú lé ní 200, ilé àti ọ̀nà bá a lọ. Mokwa tí a ti jẹun! Nígbà tí a gbọ́ ọ, àwọn ọmọ wa dúró síwájú máàpù ara ògiri, wọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin wa mú máàpù àdúgbò tí wọ́n yà ní 2021 jáde, ó fi bírò pupa tọ ojú ìṣàn omi tí ó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Ó ní, "Dádì, ilé mẹ́ta ló ti wà lójú ọ̀nà omi yìí báyìí, a sì ń da ìdọ̀tí sí i." Òótọ́ ni. Àwa pẹ̀lú wà lára àwọn tí ó ń da á. Ní Sátidé kejì, dípò ẹ̀kọ́, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni a gbé; àwọn aládùúgbò kan sì bá wa kó o, Haúsá, Gwari àti Yorùbá. Àwọn ilé mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn ibi kan wà tí a kò lè mú wọn dé. A ti ṣèlérí Shiroro fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà apá ibẹ̀ ti rí nítorí àwọn ajínigbé. A fi bírò dúdú ya ìlà yí àwọn ibẹ̀ ká lórí máàpù, a ní kí wọ́n jẹ́ kí a máa gbàdúrà sí i. Ó kù díẹ̀ káàtó fún òbí láti ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n máàpù tí ó bá purọ́ kì í ṣe máàpù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Lọ́dún tí omi Mokwa ṣẹlẹ̀ yìí kan náà, wọ́n ní kí ọmọbìnrin wa, tí ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kọ àròkọ lórí "Ìlú Mi". Ó gba máàkì tí ó pọ̀. Minna ni ó kọ nípa rẹ̀: omi Tagwai, iṣu Paiko, ojú irin, òjò inú agolo. Ó kọ nípa Ògbómọ̀ṣọ́ náà, ó ní ibẹ̀ ni korobá ìyá àgbà wà. Ọ̀rọ̀ tí ó fi parí rẹ̀ ni: "Ní 2027, bàbá mi yóò padà sí ilé rẹ̀. Èmi mọ ọ̀nà, n óò máa lọ kí i."

A ka gbólóhùn yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ilé rẹ̀, ó ní. Kò ní ilé wa. A gbé ìwé náà fún ìyá wọn, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní máàpù, Dádì." A kò mọ̀ bóyá kí a yọ̀ tàbí kí a sunkún. Títí di òní, àwa àti ìyá wọn ṣì ń sọ ọ́ bóyá àwa méjèèjì ni a óò jọ lọ, tàbí ẹnìkan yóò dúró ti àwọn ọmọ títí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ wọn. Ilé tí a kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní yàrá márùn-ún. A kọ́ ọ fún ènìyàn mẹ́fà.

Síbẹ̀, bí a bá tún padà sí 2021, ohun kan náà ni a óò ṣe. Ọmọ tí ó gba òdo lọ́jọ́ náà kò ní ibì kankan tí yóò fi àmì sí. Lónìí ó ní ibi méjì, ó sì mọ ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀, ìlú sí ìlú, odò sí odò. Bí ó bá ní òun yóò máa wá kí wa, a jẹ́ pé kò ní ṣìnà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Kò gba owó. Páálí, bírò, agolo kan àti fóònù tí ẹ fi ń pe ilé náà ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àgbàlá yín. Ẹ mú wọn lọ sí ọjà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ń lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀ òjò. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń sọ nípa ìlú tí ó ń bọ́ wa, nítorí ọmọ ń gbọ́, òun kò sì bá wa ti ibòmíràn wá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó jẹ́ kí àlàáfíà jọba ní Ìpínlẹ̀ Niger àti ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ọ̀nà tí ó wà láàárín méjèèjì máa là fún wa àti fún àwọn ọmọ wa. Àmín. Ẹ kú ọdún o, ẹ óò ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé.